Olóúnjẹ, Wolé-wolé àti Ẹni Tí Ń Jẹun

Ìwọ ọ̀dọ́ tí ń ka ìwé yìí, mo fẹ́ kí o ronú díẹ̀ lórí ohun kan tí o ń ṣe lójoojúmọ́ láìbìkítà. Nígbà tí agogo ìsinmi bá lù ní ọ̀sán, o sáré jáde lọ bá obìnrin kan tí ó gbé ìkòkò kalẹ̀ lábẹ́ igi. O na owó sí i, ó bu ìrẹsì sínú abọ́ fún ọ, o sì jẹ ẹ́. O kò bi í léèrè ibi tí ó ti pọn omi. O kò mọ̀ bóyá ó fọ ọwọ́ rẹ̀ kí ó tó bu oúnjẹ náà, tàbí ibi tí ọwọ́ náà ti ń bọ̀. Bí ó bá ṣe pé àjèjì kan ní ojú ọ̀nà ni ó fi oògùn lé ọ lọ́wọ́ pé kí o gbé e mì, ìwọ yóò kọ̀. Ṣùgbọ́n oúnjẹ àjèjì ni o ń gbé mì yìí, inú rẹ sì ń dùn. Àwọn àgbà wí pé ọ̀nà ọ̀fun, ọ̀nà ọ̀run. Oníwọ̀ra ni wọ́n sábà máa ń fi òwe náà bá wí, ṣùgbọ́n ó kan ẹni tí kò ṣe wọ̀bìà rárá pẹ̀lú.

Ní ilé, ìyá rẹ ni ó ń se oúnjẹ. Òun náà yóò jẹ nínú rẹ̀, ìfẹ́ sì ń ṣọ́ ọwọ́ rẹ̀. Ẹni tí ń ta oúnjẹ kò mọ̀ ọ́. Bí inú bá ń run ọ́ ní òru, kò sí níbẹ̀; bí o bá sì kú, ó lè má gbọ́ títí láé. Kí ni gbèsè tí irú ẹni bẹ́ẹ̀ jẹ ọ́? Owó ti tẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́, oúnjẹ sì ti tẹ ìwọ náà lọ́wọ́: ṣé ọ̀rọ̀ ti parí nìyẹn? Èmi kò gbà bẹ́ẹ̀. Ohun kan wà nínú ohun tí o rà tí ojú rẹ kò rí, èyíinì ni mímọ́ oúnjẹ náà. Ohun tí olùrà kò bá sì lè fi ojú rí, inú ọkàn ẹni tí ń tà á ni ó fi pamọ́ sí. Ìbéèrè tí mo fẹ́ kí a jọ yẹ̀ wò nìyí: ǹjẹ́ ó tọ́ kí a fi irú ohun bẹ́ẹ̀ sílẹ̀ fún ọkàn ẹnìkan ṣoṣo? Bí kò bá tọ́, ta ni ó yẹ kí ó dá sí i, ọ̀nà wo ni ó sì yẹ kí ó gbà dá sí i?

Ẹ jẹ́ kí a mú àpẹẹrẹ láti ilé. Ẹni tí ó bá dé Ìlútítun ní ilẹ̀ Òṣóòrò, tàbí ibikíbi ní ilẹ̀ Ìkálẹ̀, yóò bá púpurú pàdé. A ó bó èèpo ẹ̀gẹ́, a ó rẹ ẹ́ sínú omi fún ọjọ́ mẹ́ta, mẹ́rin tàbí márùn-ún títí yóò fi rọ̀. A ó yọ okùn inú rẹ̀, a ó fún omi rẹ̀ dànù, a ó mọ ọ́n ní róbótó, a ó sì tò ó sí orí àjà lókè iná kí èéfín àti ooru lè gbẹ ẹ́. Nígbà tí a bá fẹ́ jẹ ẹ́, a ó ha ara rẹ̀ tí ó ti dúdú kúrò, a ó gún un, a ó jọ̀ ọ́, a ó sì rò ó nínú omi gbígbóná. Àwọn ìyá ńlá wa kò ka ìwé kan kí wọ́n tó mọ̀ pé ẹ̀gẹ́ kì í ṣe ohun tí à ń kánjú yọ nínú omi. Lónìí a mọ ìdí rẹ̀: ohun kan wà nínú ẹ̀gẹ́ tí ó máa ń di májèlé tí a ń pè ní sáyánáìdì, iye ọjọ́ tí ẹ̀gẹ́ bá sì fi wà nínú omi ni ó ń lé púpọ̀ nínú májèlé náà jáde.

Wàyí o, jẹ́ kí a sọ pé obìnrin méjì ń ṣe púpurú tà. Ọ̀kan rẹ tirẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́rin, èkejì yọ tirẹ̀ ní ọjọ́ kejì. Nígbà tí èéfín bá ti pa méjèèjì dúdú tán, ojú kan náà ni wọ́n ní, iye kan náà ni a sì ń rà wọ́n ní ọjà. Ẹni tí ó kánjú ti rẹ òmíràn kí olóòótọ́ tó yọ tirẹ̀. Olóòótọ́ ni ó pàdánù, kì í sì í ṣe nítorí ọ̀lẹ tàbí àìgbọ́n. Àwọn tí ń sọ fún wa pé òtítọ́ a máa lérè kò purọ́, ṣùgbọ́n wọ́n sábà máa ń gbàgbé láti sọ ẹni tí yóò san èrè náà àti ìgbà tí yóò san án.

Má ṣe rò pé àlá ni mo ń rọ́. Ní agbègbè Bandundu, ní ilẹ̀ Kóńgò tí wọ́n ń pè ní Zaire nígbà náà, àìsàn kan wà tí ń rọ ènìyàn lẹ́sẹ̀ lójijì. Kónzò ni wọ́n ń pè é. Ní èdè Yaka, ìtumọ̀ rẹ̀ ni ẹsẹ̀ tí a dè. Àwọn oníṣègùn tí ó ṣe ìwádìí rẹ̀ kọ àbájáde wọn jáde ní ọdún 1992. Ohun tí wọ́n rí ni pé nígbà tí ọ̀nà ọlọ́dà dé agbègbè náà, ẹ̀gẹ́ di ohun tí àwọn oníṣòwò ń fi ọkọ̀ wá kó lọ sí ìlú ńlá. Àwọn obìnrin tí wọ́n ti ń rẹ ẹ̀gẹ́ fún ọjọ́ mẹ́ta tẹ́lẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í yọ ọ́ kí ọjọ́ náà tó pé, kí ọjà má bàa kọjá wọn. Àwọn ará abúlé fúnra wọn, tí wọn kò ní ẹran, ẹja tàbí ẹ̀wà tí ó tó láti fi jẹ ẹ̀gẹ́ náà, ni ẹsẹ̀ wọn rọ, pàápàá àwọn obìnrin àti àwọn ọmọdé. Kò sí ẹni burúkú kan nínú ìtàn yìí. Ọ̀nà tí ó dára ni a là, òwò tí ó tọ́ ni wọ́n ń ṣe, ìyára díẹ̀ ni wọ́n sì fi kún un.

Ẹlòmíràn yóò wí pé: nígbà tí kò sí ẹni burúkú, a jẹ́ pé àìmọ̀ ni, bí a bá sì kọ́ ènìyàn, ohun gbogbo yóò dára. Apá kan òtítọ́ nìyẹn. Ìtàn kan wà nítòsí wa tí ó fi hàn bí àìmọ̀ ti lè pa ènìyàn tó. Ní oṣù kẹrin ọdún 2015, ní Òde-Ìrèlè, tí kò jìnnà sí Òkìtìpupa, àwọn ènìyàn bẹ̀rẹ̀ sí í ṣubú. Orí ń fọ́ wọn, ojú wọn ń ṣú títí tí wọn kò fi ríran mọ́, wọn a dákú, wọn a sì kú. Láàrin ọjọ́ díẹ̀, àwọn tí ó kú ju 10 lọ. Àwọn kan ní òrìṣà ni ó ń bínú. Àwọn mìíràn bẹ̀rù pé Ebola ni ó tún dé. Àwọn oníṣègùn kọ́kọ́ fura sí oògùn tí a fi ń pa koríko. Nígbà tí àyẹ̀wò parí, a rí i pé ògógóró ni wọ́n mu, methanol sì wà nínú rẹ̀, ohun kan tí ó jọ ọtí ní ojú àti ní òórùn tí ẹnikẹ́ni kò fi lè dá a mọ̀ yàtọ̀. Ní oṣù kẹfà ọdún náà, ìjọba àpapọ̀ kéde pé kí a má ṣe ta ògógóró mọ́.

Ronú nípa ẹni tí ó ta ọtí yẹn. Ó ṣeé ṣe kí ó jẹ́ ènìyàn rere. Ó ṣeé ṣe kí òun náà ti tọ́ ọ wò fún oníbàárà rẹ̀, gẹ́gẹ́ bí àṣà wa. Ọkàn mímọ́ kò sọ fún un pé ikú wà nínú ìgò. Nítorí náà ni mo ṣe wí pé kò tọ́ kí a gbé gbogbo ẹrù yìí lé ọkàn ẹnìkan lórí. Ẹ̀rí-ọkàn a máa jẹ́ kí ènìyàn fẹ́ ṣe rere, ṣùgbọ́n kì í ṣe òun ni ń fojú rí kòkòrò àìsàn tàbí ń yẹ ọtí wò. Ẹlòmíràn gbọ́dọ̀ wà tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ láti mọ ohun tí olóúnjẹ kò lè dá mọ̀.

Ẹni náà ni àwọn bàbá wa ń pè ní wolé-wolé. Ní ìlú Èkó, tí àjàkálẹ̀ àrùn eku bẹ́ sílẹ̀ ní ọdún 1924, Dókítà Isaac Ladipo Oluwole, tí ó di ọmọ ilẹ̀ Áfríkà àkọ́kọ́ nínú àwọn igbákejì dókítà ìlera ìlú náà ní ọdún 1925, ni ó sọ iṣẹ́ wọn di ohun pàtàkì. Òun ni ó dá ilé-ẹ̀kọ́ ìmọ́tótó sílẹ̀ ní Yaba, níbi tí a ti kọ́ àwọn wolé-wolé tí ó wá láti ibi gbogbo ní Nàìjíríà. Láti ibẹ̀ ni wọ́n ti tàn ká ilẹ̀. Àwọn tí ó dàgbà jù mí lọ ṣì ń rántí bí àwọn obìnrin ti ń sá gbé ìkòkò omi pamọ́ bí wọ́n bá gbúròó wọn, nítorí pé bí wolé-wolé bá bá tanwíjí nínú omi, kóòtù ni. Lónìí, ìwé òfin ilẹ̀ wa ti ọdún 1999 fi àbójútó ilé oúnjẹ, ibi tí a ti ń ṣe búrẹ́dì àti ibikíbi tí a ti ń ta oúnjẹ fún gbogbo ènìyàn sí ọwọ́ ìjọba ìbílẹ̀. Ẹni tí ń ta àkàrà ní ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà ní Ìlútítun wà lábẹ́ àbójútó náà bí olówó tí ó kọ́ ilé oúnjẹ alárinrin.

Àwọn olóúnjẹ kò fẹ́ràn wolé-wolé. Ó dà bí òròmọdìẹ tí à ń gbà lọ́wọ́ ikú, tí ó ní wọn kò jẹ́ kí òun lọ sí ààtàn lọ jẹ̀. Ṣùgbọ́n n kò fẹ́ kí o yára dá olóúnjẹ lẹ́bi. Àwọn wolé-wolé kan wà tí wọn kì í wo inú ìkòkò. Ọwọ́ obìnrin ni wọ́n ń wò. Bí owó bá ti yọ, ìkòkò ti mọ́. Mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ ènìyàn ka èyí sí ẹ̀ṣẹ̀ kékeré, owó ọtí lásán. Jẹ́ kí n sọ ohun tí ó jẹ́ fún ọ. Ohun tí oníbàárà kò lè rí ni a rán ọkùnrin náà láti bá a rí. Nígbà tí ó gba owó tí ó sì yí ojú sẹ́yìn, ojú tìrẹ ni ó tà, ní ọjà tí ìwọ kò sí. Mo ka olóúnjẹ tí ó fi abọ́ ẹlẹ́gbin bu oúnjẹ sí ẹni tí ó ṣì sàn jù ú lọ.

Jẹ́ kí a wá gbà pé wolé-wolé náà jẹ́ olóòótọ́. Ó ti wo ilé ìdáná, ó ti sọ ohun tí kò dára, ó ti kọ ọ́ sínú ìwé. Ǹjẹ́ iṣẹ́ rẹ̀ parí? Ìtàn obìnrin kan ní ìlú New York ni kí ó ràn wá lọ́wọ́. Mary Mallon ni orúkọ rẹ̀, ọmọ ilẹ̀ Ireland ni, alásè sì ni ní ilé àwọn olówó. Ara rẹ̀ dá ṣáká, ṣùgbọ́n kòkòrò ibà jẹ̀funjẹ̀fun, tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń pè ní taifọ́ọ̀dù, ń gbé inú rẹ̀, ó sì ń ti ọwọ́ rẹ̀ bọ́ sínú oúnjẹ. Ní ọdún 1907, àwọn òṣìṣẹ́ ìlera mú un, wọ́n sì fi í sí erékùṣù kan fún nǹkan bí ọdún mẹ́ta. Kò gbà wọ́n gbọ́: báwo ni ẹni tí kò ṣàìsàn yóò ṣe kó àìsàn ran ènìyàn? Ní ọdún 1910 wọ́n tú u sílẹ̀, ó ṣèlérí pé òun kò ní se oúnjẹ fún ẹnikẹ́ni mọ́, ó sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ aṣọ fífọ̀. Owó tí a ń san fún alágbàfọ̀ kò tó ti alásè. Nígbà tí ó yá, ó yí orúkọ padà ó sì tún wọ ilé ìdáná. Ní ọdún 1915, ní ilé ìwòsàn àwọn obìnrin kan tí ó ti ń se oúnjẹ, ènìyàn 25 ṣàìsàn, méjì sì kú. Wọ́n dá a padà sí erékùṣù náà, ibẹ̀ ni ó sì wà títí ó fi kú ní ọdún 1938.

Mo ti fi ìtàn yìí dán àwọn ọmọ ilé-ìwé wò nígbà púpọ̀, ohùn wọn kì í sì í ṣọ̀kan. Àwọn kan a ní apànìyàn ni, nítorí ó ti ṣèlérí. Òótọ́ ni, ó ṣèlérí, a sì ti kìlọ̀ fún un; ní ìgbà kejì, kò lè sọ pé òun kò gbọ́. N kò ní yọ ẹ̀bi yẹn kúrò lórí rẹ̀. Ṣùgbọ́n wo ohun tí a fi lé e lọ́wọ́ nígbà tí a gba iṣẹ́ rẹ̀: òfin, àti iṣẹ́ tí kò lè bọ́ ọ bí ti tẹ́lẹ̀. Ebi kì í wọ inú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́. Ìlú tí ó fẹ́ kí ẹnìkan fi oúnjẹ òòjọ́ rẹ̀ sílẹ̀ nítorí ẹ̀mí gbogbo ènìyàn yẹ kí ó bi ara rẹ̀ léèrè ohun tí òun náà yóò fi sílẹ̀ nítorí ẹni náà. Bí a bá fi ọwọ́ òsì bá ọmọ wí, ọwọ́ ọ̀tún ni a fi ń fà á mọ́ra. Ọwọ́ kan ṣoṣo ni wọ́n lò fún Mary Mallon.

Má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ọ̀rọ̀ yìí ṣe àwáwí. Ohun púpọ̀ wà tí òtòṣì lè ṣe. Láti bo gàárì kò gba owó púpọ̀, bẹ́ẹ̀ ni kí a má sá a sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà níbi tí eku ti lè tọ̀ sí i. Èyí kì í sì í ṣe ọ̀rọ̀ eré ní ìpínlẹ̀ Oǹdó, tí ó wà lára àwọn ìpínlẹ̀ tí ibà Lassa ń yọ lẹ́nu jù lọ láti ìgbà tí a ti kọ́kọ́ dá àrùn náà mọ̀ ní ìlú Lassa ní ọdún 1969. Ẹni tí ó mọ èyí tí ó sì lè ṣe é, tí kò ṣe é, ẹ̀bi rẹ̀ wà lọ́rùn rẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí a bá sọ fún obìnrin kan pé kí ó máa fi omi tí ń ṣàn fọ ọwọ́, ní ọjà tí kò sí ẹ̀rọ omi, ẹ̀bi ta ni? Nígbà tí a bá ní kí ó lọ ṣe àyẹ̀wò ara, tí owó àyẹ̀wò náà sì ju èrè tí ó ń jẹ ní ọ̀sẹ̀ kan lọ, kí ni a rò pé yóò ṣe? Yóò wá ẹni tí ń ta ìwé ẹ̀rí láìṣe àyẹ̀wò, àwa náà yóò sì máa yọ̀ pé ìwé pé. Ìwọ olùrà pẹ̀lú ní ìpín tìrẹ, ìwọ tí o máa ń kọjá lára ẹni tí ó bo oúnjẹ rẹ̀ lọ sí ọ̀dọ̀ ẹni tí tirẹ̀ fi náírà díẹ̀ dín.

Àjọ Ìlera Àgbáyé ṣírò rẹ̀ ní ọdún 2015 pé bíi mílíọ̀nù 600 ènìyàn ni oúnjẹ tí kò mọ́ ń sọ di aláìsàn lọ́dọọdún, tí 420,000 sì ń kú. Iye bẹ́ẹ̀ ga ju ohun tí ọkàn lè gbà lọ. Ó rọrùn fún mi láti ronú nípa ẹnìkan ṣoṣo.

Ní ọdún díẹ̀ kí n tó fẹ̀yìn tì, àwọn obìnrin mẹ́fà ni ó ń ta oúnjẹ ní ọgbà ilé-ìwé tí mo ń ṣe olórí rẹ̀. Òṣìṣẹ́ ìlera kan wá, ó sì ní kí gbogbo wọn ṣe àyẹ̀wò. Ọ̀kan nínú wọn, opó tí ó ní ọmọ mẹ́rin, ni a rí kòkòrò jẹ̀funjẹ̀fun lára rẹ̀. Òṣìṣẹ́ náà sọ fún un pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ pé kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan oúnjẹ ẹlòmíràn títí yóò fi lo oògùn tán, tí àyẹ̀wò mìíràn yóò sì fi hàn pé ó ti mọ́. Obìnrin náà kò sunkún. Ó kàn bi í pé, "Ọmọ mi, kí ni àwọn ọmọ yóò máa jẹ?" Ọ̀dọ́mọkùnrin náà wò mí lójú, èmi náà wò ó. Ìwé ìtọ́ni tí ó mú wá kò ní ojú ewé tí ó dáhùn ìbéèrè yẹn.

Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ni ó dáhùn. Àwọn márààrún ń dá èsúsú. Wọ́n gbé ti oṣù náà fún un bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé kò tíì kàn án. Àwọn olùkọ́ dá owó oògùn. Ọ̀ràn tí ó le ju ti owó lọ ni ti àwọn òbí. Ó tọ́ kí wọ́n mọ̀ pé àwọn ọmọ wọn ti lè kó àìsàn, kí wọ́n lè tètè gbé ọmọ tí ara rẹ̀ bá gbóná lọ sí ilé ìwòsàn. Mo kọ̀wé sí gbogbo wọn. Àwọn kan dé pẹ̀lú ìbínú, wọ́n fẹ́ gbọ́ orúkọ obìnrin náà. N kò dárúkọ rẹ̀ fún wọn. Bàbá kan ní mo ń dáàbò bo ẹni tí ó fẹ́ pa ọmọ òun. Mo dá a lóhùn pé bí mo bá fi í ṣe ẹlẹ́yà lónìí, kò sí olóúnjẹ tí yóò jẹ́ kí a yẹ òun wò lọ́la. Kò gbà fún mi, n kò sì lè sọ pé aláìnírònú ni.

Ìdúró rẹ̀ lábẹ́ igi ti ṣófo, nítorí náà àwọn ọmọ mọ̀ ọ́n láìsí ẹni tí ó sọ fún wọn. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ó padà dé pẹ̀lú ìwé òṣìṣẹ́ ìlera lọ́wọ́. Igbákejì mi àti èmi ni a kọ́kọ́ ra oúnjẹ lọ́wọ́ rẹ̀, a sì jókòó jẹ ẹ́ níbẹ̀. Púpọ̀ nínú àwọn ọmọ tẹ̀ lé wa. Àwọn kan ṣì ń kọjá lọ sí ọ̀dọ̀ ẹlòmíràn títí sáà ẹ̀kọ́ náà fi parí, n kò sì bá wọn wí.